Ta ló máa ti ilẹ̀kùn? Bí a ṣe ń gbé ìgbàgbọ́ wa nínú ilé, àti nígbà tí ikú bá mú ẹnìkan lọ

Bàbá mi ló máa ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Gbogbo wa á ti wọ yàrá, a ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, á yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn yẹn, á ní "Olúwa, ilé Rẹ rè é, àwa náà rè é." Ó tán nìyẹn. Ọdún tí mo fi gbọ́ ọ pọ̀ débi pé etí mi ò gbọ́ ọ mọ́, bí èèyàn kì í ṣeé gbọ́ aago tó wà lára ògiri ilé ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin ín, àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti lọ tán, a jókòó sí pálọ̀, ilẹ̀ ti ṣú gan-an, kò sẹ́ni tó dìde, ó dà bíi pé a ṣì ń retí pé kó wá ṣe é, àfi ìgbà tí àbúrò mi obìnrin béèrè pé "ta ló máa wá ti ilẹ̀kùn báyìí?" Ni gbogbo wa bá bú sẹ́kún. A ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ látàárọ̀.

Mo ń kọ eléyìí fún ẹni tó fẹ́ kí ìgbàgbọ́ òun máa gbé nínú ilé pẹ̀lú òun àtàwọn ará ilé òun, mo sì ń kọ ọ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tí àdúrà ò fẹ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Wọ́n lè jọ ọ̀rọ̀ méjì, lójú tèmi ọ̀kan ni. Nǹkan tíntín tí ẹ bá ń ṣe níwájú Ọlọ́run lójoojúmọ́ nígbà tí ara gbogbo yín le, òun náà lẹ máa nawọ́ gán lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Gbogbo ìwàásù ńlá ńlá tí mo ti gbọ́, mi ò rántí ẹyọ kan lọ́sẹ̀ tí bàbá mi kú. Ìró kọ́kọ́rọ́ yẹn ni mo ń rántí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé á ní láti ọ̀la lọ òun á máa jí gbogbo ilé ní aago márùn-ún, wákàtí kan gbáko, orin, Bíbélì, àdúrà, ìdánrawò, á ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹrin àwọn ọmọ ti ń sùn lórí ìjókòó, ọjọ́ kẹfà òun fúnra ẹ̀ ò jí, á wá máa rò pé ìgbàgbọ́ òun ò tó nǹkan. Ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò ní wàhálà kankan, ẹrù tó dì ló ju agbára orí lọ.

Ẹ ṣí Diutarónómì 6:7. Mósè ní kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wọn nígbà tí wọ́n bá jókòó nínú ilé, nígbà tí wọ́n bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dìde. Ìgbà mẹ́rin yìí, ta ni kì í ṣe é nínú wa? Kò dá àkókò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún wọn rárá, inú èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí.

Torí náà, ẹ wo ọjọ́ yín láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ mú nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ máa ń ṣe dandan, kí ẹ wá so gbólóhùn àdúrà kan mọ́ ọn. Ọ̀kan o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa ń ká aṣọ tó gbẹ, bí ẹ bá ti mú aṣọ ẹnìkan, ẹ dárúkọ olúwarẹ̀ fún Ọlọ́run kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń fọ abọ́ lè ṣe bákan náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé ọmọ lọ síléèwé, kó tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ẹ gbọ́wọ́ lé e lórí, "Olúwa, máa bá a lọ," ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ má fi wàásù lé e lẹ́yìn. Ọmọ tó bá ti ń di géńdé lè máa gbé orí ẹ̀ sá, kò burú, ẹ fọwọ́ kan èjìká ẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni kí ẹ máa lò lójoojúmọ́, ẹ má dààmú wá tuntun, torí èyí tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún ló máa ń wọ egungun lọ, á máa gbé ibẹ̀ títí tóun náà á fi dàgbà.

Ó lè máa ṣe yín bíi pé ó ti kéré jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Lúùkù 3:23 sọ pé Jésù tó nǹkan bí ẹni ọdún 30 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Rẹ̀, ibo ló wà látọjọ́ yìí? Ilé ni, níbi tí wọ́n ti mọ̀ Ọ́n sí káfíńtà, láàárín ẹbí tó pọ̀, Máàkù 6:3 dárúkọ arákùnrin Rẹ̀ mẹ́rin, ó sì ní Ó ní àwọn arábìnrin pẹ̀lú. Nígbà tó padà wá kọ́ni nílùú tí wọ́n ti tọ́ Ọ dàgbà, ṣe ni ẹnu ya àwọn ará ibẹ̀, wọ́n ní ṣebí káfíńtà yẹn rè é. Ọmọ Ọlọ́run wà láàárín wọn fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ó ń jí, Ó ń ṣiṣẹ́, Ó ń bá ará ilé gbé, kò sì sí nǹkan kan tó hàn sí wọn lójú pé ó yàtọ̀. Ẹni tó bá ń rò pé fífọ abọ́ ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ọlọ́run, kó tún ibẹ̀ yẹn rò.

Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àkókò tiẹ̀

Susanna Wesley, ìyá John àti Charles Wesley tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀, ọmọ 19 ló bí, 9 nínú wọn kú ní kékeré. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí ọkọ ẹ̀ lọ́dún 1712, ó ṣàlàyé pé òun ti pín alẹ́ inú ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ òun kóun lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tọ́sìdeè ni ti John, Sátidé ni ti Charles. Nígbà tí John ti dàgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa fúnra ẹ̀, ó ṣì kọ̀wé sí màmá ẹ̀ pé kó fún òun ní díẹ̀ lára alẹ́ Tọ́sìdeè yẹn. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Obìnrin tí ilé ẹ̀ kún báyẹn, tó ti sin ọmọ mẹ́sàn-án, tí owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, ohun tí ọmọ ẹ̀ rántí nípa ẹ̀ ni alẹ́ kan lọ́sẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ gbé fóònù yín sí yàrá mìíràn, ẹ bi í léèrè kí ló dùn mọ́ ọn jù lọ́sẹ̀ yẹn, kí ló bà á nínú jẹ́ jù, kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe. Kí ẹ tó dìde, ẹ gba nǹkan tó sọ yẹn ládùúrà ní gbólóhùn méjì, lójú ẹ̀, kó gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ nínú àdúrà yín. Ẹni tí kò ní ọmọ nílé lè ṣe é pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀, tàbí kó pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù. Kó ṣáà ti jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni.

Ọ̀kan ṣì wà tó ṣòro jù lọ, èmi ò sì mọ ohun tó tún lè gbin ìgbàgbọ́ sínú ọmọ jù ú lọ: tí ẹ bá ṣẹ ọmọ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ bá a, ẹ ní "mo pariwo mọ́ ẹ lánàá, ohun tó o ṣe ò tó bẹ́ẹ̀, má bínú, dárí jì mí." Ọmọ tó bá rí òbí ẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì ti mọ ohun tí ìdáríjì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé àgbélébùú fún un.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìjà pẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Èmi àti bàbá mi ní èdè-àìyedè kan, ọ̀rọ̀ kékeré, mi ò ní lè ṣàlàyé ẹ̀ kó yé yín nítorí kò tó nǹkan tí wọ́n ń ṣàlàyé, mi ò pè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kó kọ́kọ́ pè mí. Kò pè mí, ara ẹ̀ ò yá nígbà yẹn, mi ò mọ̀, wọn ò fẹ́ dà mí láàmú. Mo máa padà sórí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú

Ẹ má wá ìtumọ̀ kankan lọ́sẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé orí á máa béèrè pé kí ló dé, kí ló dé tó fi jẹ́ òun, kí ló dé tó fi jẹ́ báyìí, ẹ jẹ́ kó máa béèrè, ẹ má fipá wá ìdáhùn fún un. Nígbà tí ìbànújẹ́ wọ Èlíjà lára débi tó fi ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, nínú 1 Àwọn Ọba orí 19, áńgẹ́lì tó wá bá a ò bá a jiyàn. Ó jí i, ó ní dìde, jẹun. Èlíjà jẹ, ó mu omi, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó jẹun. Ìgbà tó ti sùn, tó ti jẹ, tó sì ti rìn fún ọjọ́ 40, kí Ọlọ́run tó wá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Torí náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yín, oúnjẹ díẹ̀, omi, orun bó ṣe lè rí, ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó tó ìsìn. Tí àdúrà ò bá jáde, ẹ pe orúkọ Jésù kí ẹ sì mí kanlẹ̀, Róòmù 8:26 ní Ẹ̀mí fúnra Rẹ̀ ń fi ìrora tí ẹnu ò lè sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa.

Ẹ ò sì ní ṣẹ̀ tí ẹ bá ń ronú nípa ìwé, owó, ilẹ̀ ìsìnkú, àwọn nǹkan tí ikú máa ń gbé wá bá èèyàn nígbà tí kò lágbára kankan. Sárà kú ní ẹni ọdún 127, Ábúráhámù wọlé lọ sunkún ẹ̀, lẹ́yìn náà ó dìde níwájú òkú, ó lọ bá àwọn onílẹ̀ dúnàádúrà, ó sì san ṣékélì fàdákà 400 fún pápá Mákípélà níbi tó sin ìyàwó ẹ̀ sí. Gbogbo ẹ̀ wà ní Jẹ́nẹ́sísì 23, pẹ̀lú iye owó ẹ̀. Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá dúró lórí ìlà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́ yín, tí ojú yín ti wú, bàbá ìgbàgbọ́ ti dúró níbẹ̀ ṣáájú yín.

Ọ̀rọ̀ kan náà, ìdáhùn méjì

Jòhánù orí 11 ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kà, kó kà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé kan tó mọ̀. Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì kí Jésù tó dé. Ó ní arábìnrin méjì. Màtá ò lè jókòó, bó ṣe gbọ́ pé Jésù ń bọ̀ ló ti jáde lọ pàdé Ẹ̀ lọ́nà. Màríà jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, ẹ wo ẹsẹ 21, ẹ tún wo ẹsẹ 32: Olúwa, ká ní O wà níbí ni, arákùnrin mi ì bá má kú. Màtá sọ ọ́, Jésù bá a sọ̀rọ̀, Ó ní Òun ni àjíǹde àti ìyè, Ó bi í pé ṣé ó gba èyí gbọ́. Màríà sọ ọ́, Jésù ò sọ ìkankan nínú ẹ̀ fún un. Ó béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, Jésù sì sunkún.

Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ìdáhùn méjì yẹn. Ó mọ ẹni tó nílò ọ̀rọ̀, Ó mọ ẹni tó nílò omijé. Ó sì mọ̀ pé láìpẹ́ sígbà yẹn Lásárù máa jáde, síbẹ̀ kò sọ fún Màríà pé "má sunkún, wò ó bó ṣe máa rí." Ó kọ́kọ́ sunkún ná.

Ohun tó fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé inú ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, ìjà máa ń wọlé, ọ̀nà báyìí ló sì máa ń gbà. Ẹnìkan á fẹ́ kó aṣọ olóògbé kúrò ní ọ̀sẹ̀ kejì torí kò lè máa rí i, ẹnìkejì ò ní fẹ́ kí wọ́n fọ ìrọ̀rí tó fi sùn torí òórùn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ á padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹwàá, ìyàwó á ní kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó kú náà. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú wọn, Màtá lẹnìkan, Màríà lẹnìkejì. Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ fẹnu kò pé nǹkan kan ò ní kúrò nínú ilé láì jẹ́ pé gbogbo yín mọ̀ sí i, kí ẹ fi sí àpótí kan kí ẹ tì í, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa ṣí i pa pọ̀. Ẹ má fi Bíbélì na ara yín. Pọ́ọ̀lù tó ní ká má banújẹ́ bí àwọn tí kò nírètí, nínú 1 Tẹsalóníkà 4:13, kò ní ká má banújẹ́.

Martin Luther, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ àtúntò ìjọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tó kọ lórí ìgbàgbọ́, nígbà tí ọmọ ẹ̀ Magdalena kú lọ́dún 1542, ọmọ ọdún 13, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ó yẹ kí òun àti ìyàwó òun máa dúpẹ́ pé ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà ayé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí àwọn ní sí i pọ̀ débi pé àwọn ò lè ṣe é láìsunkún. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́ ní Áfíríkà, ní tiẹ̀ di ẹkún mọ́ra nígbà tí Monica màmá ẹ̀ kú ní Ostia lọ́dún 387, ó sìnkú, omijé ò jáde, ó lọ wẹ̀, ó ní bóyá á fúyẹ́, kò fúyẹ́, ìgbà tó sùn tó jí, tó dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ló tó sun ún. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹkún tí ẹ ò bá sun níbi ìsìnkú máa dúró dè yín síbòmíì.

Bí ẹ ṣe lè bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nígbà tí inú ń bí yín sí I

Orin Dáfídì 13 kúrú, ẹsẹ 6 péré. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ló tọrọ nǹkan, wò mí, dá mi lóhùn. Ìparí ẹ̀ ló tó wá sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Rẹ̀. Ẹ mú bébà, ẹ kọ tiyín bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ ẹ̀sùn yín, ẹ má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, bó ṣe wà nínú yín ni kí ẹ kọ ọ́. Tẹ̀lé e, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ lónìí, kó jẹ́ nǹkan tó ṣeé dì mú, "jẹ́ kí n lè wọ yàrá ẹ̀ lónìí" dára ju "fún mi ní àlàáfíà" lọ. Tó bá wá ku ìgbẹ́kẹ̀lé, tí kò sì sí lọ́kàn yín, ẹ fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ má parọ́ fún Un. Orin Dáfídì 88 wà nínú 150 yẹn, inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí ìyìn kankan nísàlẹ̀ ẹ̀, ó sì wà nínú Bíbélì. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń pè É ní Ọlọ́run ìgbàlà òun láti ẹsẹ kìíní. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló kù fún yín, ẹ dì í mú.

Ọ̀rọ̀ "ká ní." Ká ní mo tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ká ní mo pè é. Èmi ti jókòó ti "ká ní" yẹn fún oṣù pípẹ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ẹnìkan tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́ ní kí n pín bébà sí méjì, kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn sí apá kan, kí n kọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ lẹ́yìn ikú sí apá kejì. Pé ara ẹ̀ ò yá, apá kejì ló bọ́ sí, mi ò mọ̀. Ìgbéraga tí kò jẹ́ kí n pè, apá kìíní ló wà, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe é. Èyí tó wà ní apá kìíní ni mo gbé lọ bá Ọlọ́run bí ẹ̀ṣẹ̀, 1 Jòhánù 1:9, mo jẹ́wọ́ ẹ̀, mo sì sọ fún màmá mi náà. Ti apá kejì, ẹkún ni mo sun lé e, nítorí kò sí ìdáríjì fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí èèyàn bá ń tọrọ ẹ̀ kò ní rí i gbà láéláé, á kàn máa ya ara ẹ̀ lápá síi ni. Ẹ dá méjèèjì yẹn yà sọ́tọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn ọmọdé

Ẹ sọ fún wọn pé ó kú. Ẹ má ní ó sùn, ẹ má ní ó rìnrìn àjò. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ìyá ẹ̀ àgbà sùn tí kò jí mọ́, ẹ̀rù orun á bà á, èyí tí wọ́n ní ó rìnrìn àjò á máa wo ẹnu ọ̀nà. Jésù alára ní Lásárù sùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò lóye, wọ́n ní tó bá sùn ara ẹ̀ á yá nìyẹn, ló bá là á mọ́lẹ̀ fún wọn ní Jòhánù 11:14 pé Lásárù kú. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá lè dojú rú mọ́ àgbàlagbà lójú, ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ sọ òtítọ́ kúkúrú, ẹ dúró de ìbéèrè, ẹ dáhùn èyí tó bá béèrè nìkan. Á tún béèrè lọ́la. Tí ẹ bá ń sunkún, ẹ jẹ́ kó rí yín, kó wá rí yín náà nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà.

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì lọ̀fọ̀ ṣẹ̀

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje. Jóòbù 2:13 ní wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́, Ọlọ́run sì bínú sí wọn níparí ìwé náà. Ẹ má sọ fún ìyá tó sin ọmọ pé Ọlọ́run máa fún un ní òmíràn. Ẹ má ka Róòmù 8:28 fún un ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa kà á fún yín bó bá tó àkókò. Àti ẹni tí oyún bàjẹ́ lára ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lọ kí i, torí wọ́n ní kò tíì bímọ, ẹ lọ kí i. Ọmọ ni. Ẹ béèrè bóyá ó ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ má sì kàn sọ pé "tẹ́ ẹ bá nílò nǹkankan ẹ pè mí." Kò ní pè yín. Ẹ lọ gbálẹ̀ fún un, ẹ mú àwọn ọmọ ẹ̀ jáde fún wákàtí méjì. Ẹ kọ ọjọ́ ikú náà sínú kálẹ́ńdà fóònù yín, kí ẹ fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà, tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé, kí ẹ dárúkọ olóògbé nínú ẹ̀. Inú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń dùn tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹlòmíì.

Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti lọ tí olúwarẹ̀ ò tíì lè jẹun, tí kò lè sùn, tí kò lè dìde, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kóun náà kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ṣe ń lọ. Lúùkù tó kọ Ìhìn Rere, dókítà ni, Kólósè 4:14.

Ẹ pín iṣẹ́ ẹ̀

Èyí ni mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, nígbà tí ẹ bá lè jókòó pa pọ̀, ẹ kọ gbogbo nǹkan kéékèèké tí olóògbé máa ń ṣe nínú ilé sílẹ̀. Ẹ má kọ oyè ẹ̀, ẹ kọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ta ló máa ń rántí ọjọ́ ìbí gbogbo èèyàn? Ta ló máa ń pe àǹtí tó ń dá gbé? Ta ló máa ń bẹ̀rẹ̀ orin? Ta ló máa ń là wá níjà? Ẹ kà á sókè, ẹ ó sunkún, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Kí ẹ wá béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló máa gba èyí? Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò sẹ́ni tó lè gbà á, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, àyè ẹ̀ ṣófo, òtítọ́ nìyẹn náà.

Orí àgbélébùú ni Jésù wà nígbà tó wo màmá Rẹ̀, tó wo ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn, tó sọ fún un pé ìyá rẹ nìyẹn. Jòhánù 19:27 ní láti wákàtí yẹn ló ti mú un lọ sílé ara ẹ̀. Nínú ìrora yẹn, ẹni tó máa tọ́jú màmá lọ́jọ́ iwájú ló ń rò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi Ọlọ́run mọ́ pé kí ló dé tí bàbá mi fi kú lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rí ìdáhùn gbà, mi ò sì rò pé màá rí i gbà láyé níbí. Ìbéèrè àbúrò mi ni mo mú, ta ló máa ti ilẹ̀kùn, ìyẹn ní ìdáhùn.

Ìgbà tí ọdún olóògbé bá máa pé, ẹ mọ̀ pé ara á kọ́kọ́ mọ̀ kí orí tó rántí, ẹ lè kàn jí kí gbogbo nǹkan máa bí yín nínú láìnídìí. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ẹ gbé fọ́tò ẹ̀ jáde, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn kan, ẹ gba àdúrà tó máa ń gbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gan-an.

Nílé tiwa, àbúrò mi obìnrin ló gba ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó lè ṣe é láìsunkún. Ohùn ẹ̀ ò jọ ti bàbá wa, ó máa ń yára sọ ọ́, "Olúwa, ilé Rẹ rè é, àwa náà rè é," ẹ̀ẹ̀kan ló sì máa ń yí kọ́kọ́rọ́. Màmá wa á wá ké sí i látinú yàrá pé, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì. Á sì padà lọ yí i.